Kí Ẹ̀rọ Tó Dé, Etí Ni A Fi Ń Wọn Èémí Ọmọ

Ní àwọn ilé ìwòsàn tó rí owó lò lónìí, bí wọ́n bá fura pé ọmọ ní ásímà, wọn kì í kàn gbọ́ àyà rẹ̀ kí wọ́n sì dá a padà sílé mọ́. Wọn á mú un jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Wọn á fi nǹkan kékeré kan há a nímú kí atẹ́gùn má baà gba ibẹ̀ sá lọ, wọn á fún un ní páìpù kan pé kó fi ètè bò ó dáadáa, kó mí sínú títí àyà rẹ̀ yóò fi kún, kó wá fi gbogbo agbára rẹ̀ fẹ́ ẹ jáde. Lójú kọ̀ǹpútà náà, àwòrán àkàrà òyìnbó ọjọ́ ìbí kan wà tí àbẹ́là ń jó lórí rẹ̀. Bí ọmọ bá ṣe fẹ́ ẹ tó ni àbẹ́là yóò ṣe kú tó. Ọmọ kì í mọ̀ pé wọ́n ń yẹ òun wò. Ó rò pé eré ni.

Ìṣáná gidi ni wọ́n fi ń ṣe é nígbà tiwa. Ní Ìbàdàn, ní ìparí àwọn ọdún 1970, dókítà àgbàlagbà kan ló ń tọ́jú àbúrò mi ọkùnrin. Wọn kì í kánjú. Wọ́n á kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó tó kan ara ọmọ. Wọ́n á gbọ́ iwájú, wọ́n á gbọ́ ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣáná sí ìṣáná kan, wọ́n á gbé e sí ìwọ̀n ọwọ́ kan síwájú ẹnu rẹ̀, wọ́n á ní kó la ẹnu gbàgà, kó má ṣu ètè jọ, kó fẹ́ ẹ pa. Ẹni tí ọ̀nà èémí rẹ̀ là dáadáa á pa á lẹ́ẹ̀kan. Àbúrò mi á fẹ́, iná á tẹ̀ díẹ̀, á sì tún nàró. Dókítà á fọwọ́ ara wọn pa á, wọ́n á yíjú sí ìyá wa: “Màmá, ẹ jókòó, ẹ sọ bí òru ṣe rí fún mi.” Ibẹ̀ gan-an ni àyẹ̀wò ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àárò ìgbà yẹn ń sọ mí, àmọ́ n kò ní purọ́ pé ó sàn ju òde òní lọ. Kò sàn. Àwọn ọmọ kan wà ládùúgbò wa tí èémí pa, tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ ohun tó pa wọ́n. Síbẹ̀, nǹkan kan wà nígbà náà tí a jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ wa, tí ẹ̀rọ kankan kò tíì rọ́pò rẹ̀: ẹni tó ń gbọ́ ọmọ lóru.

Nínú agbo ilé wa, ọmọ kì í dá sùn. Ẹní kan náà ni ọmọ mẹ́ta mẹ́rin ń sùn sí nínú yàrá ìyá àgbà. Bí àbúrò mi bá wúkọ́ ní ọ̀gànjọ́, ìyá àgbà ti jí kó tó wú ẹlẹ́ẹ̀kejì. Wọn kì í kọ́kọ́ tan iná. Wọ́n á na ọwọ́ nínú òkùnkùn, wọ́n á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí i lẹ́yìn, wọ́n á dákẹ́. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn fíì-fíì yẹn, tó máa ń jáde nígbà tí ọmọ bá ń mí síta, wọ́n ti mọ̀ pé oorun ọjọ́ náà ti tán. Wọ́n á wá tan àtùpà, wọ́n á ká aṣọ ọmọ sókè, wọ́n á wo ìhà rẹ̀. “Ẹ wo bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe ń wọlé,” ni wọ́n máa ń wí. Wọ́n á wo ihò imú bóyá ó ń fẹ̀. Wọ́n á bi í léèrè ohun tó jẹ lálẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ni wọ́n fún un lóúnjẹ. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni bóyá ó lè sọ gbólóhùn kan délẹ̀ láì dúró mí láàárín. Nígbà tí mo dàgbà tí mo ka ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, mo rí i pé àwọn nǹkan wọ̀nyẹn gan-an ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé ó ń fi hàn pé ásímà ọmọ ti le: ẹ̀gbẹ́ tó ń wọlé, imú tó ń fẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ọmọ kò lè sọ parí. Ìyá àgbà kò ka ìwé kankan.

Kì í sì í ṣe òru kan ṣoṣo ni wọ́n ń rántí. Bí dókítà bá béèrè, ìyá wa kì í ronú rárá, ìyá àgbà ti ka gbogbo rẹ̀ sí i létí kí wọ́n tó kúrò nílé. Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ wọlé. Ó tún gbé e ní ọjọ́ tí wọ́n kun ilé tó kángun sí tiwa lọ́dà. Bó bá ti sáré pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ikọ́ ni ní òru. Ó máa ń le jù ní nǹkan bí aago mẹ́ta ìdájí, ó sì máa ń rọlẹ̀ bí ojúmọ́ bá ti mọ́, tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n bá fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn, ọmọ ti ń rẹ́rìn-ín, ó ń béèrè búrẹ́dì.

Bí ásímà ṣe rí nìyẹn. Àìsàn tó ń lọ tó ń bọ̀ ni. Iṣan tó yí ọ̀nà èémí ká á fún pọ̀, inú ọ̀nà náà á wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á dí i. Bó bá sì yá, ó lè ṣí padà fúnra rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ rí. Dókítà tó bá rí ọmọ lọ́sàn-án nìkan lè má rí nǹkan kan. Ẹni tó bá lè ròyìn lílọ bíbọ̀ rẹ̀, òun ló mú ìdáhùn wá sí ilé ìwòsàn.

Àmọ́ gbígbọ́ nìkan ni ìyá àgbà mọ̀, wọn kò mọ ohun tó fà á. Wọ́n á fi àdín pa á láyà, wọ́n á fi Róòbù lé e, wọ́n á se àgbo. Bí a bá ti ń bọ́ sí òwúrọ̀, wọ́n á ní àgbo ló ṣe é, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà èémí ló tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tí kò ní irú ìyá àgbà bẹ́ẹ̀ rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ ọmọ tí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí láyà títí awọ ibẹ̀ fi le. Mo mọ èyí tí wọ́n sọ pé àbíkú ni, pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń pè é lóru. Àwọn kan kì í jẹ́ kí ọmọ wọn fi ife kan náà mu omi pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n rò pé yóò ràn wọ́n. Ní ilé ẹ̀kọ́, ọ̀lẹ ni tíṣà ń pè é. Bí ọjọ́ eré ìdárayá bá dé, abẹ́ igi máńgòrò ni àbúrò mi ń jókòó sí, òun ló ń ṣọ́ bàtà àwọn tó ń sáré. Ọdún mẹ́fà ló fi ṣọ́ bàtà.

Ilé ìwòsàn pàápàá ń táràrà ni. Lónìí wọ́n á ní ibà ni, lọ́la wọ́n á ní òtútù àyà ni, wọ́n á fún un lóògùn kòkòrò, ara á yá, ó di oṣù tó ń bọ̀. Nígbà tí ó bá wá le koko, wọ́n á gún un ní abẹ́rẹ́ aminophylline, wọ́n á rọra máa tì í wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nítorí ewu rẹ̀. Oògùn Franol ni wọ́n ń fún un gbé lọ sílé. Ó ń tú àyà, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí oorun sì dá. Ínhélà wà láyé nígbà yẹn, ọdún 1969 ni salbutamol ti jáde. Kò dé ọ̀dọ̀ wa ni. Nítorí pé kò sí ohun tí wọ́n fi ń wọn èémí, àṣìṣe ọ̀nà méjì ni ó ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ tó ní ásímà yóò dàgbà láì sẹ́ni tó sọ fún un. Ọmọ tí kò ní in, tí ikọ́ lásán ń ṣe, yóò gbé orúkọ náà rù, wọn kò ní jẹ́ kó sáré, wọn kò ní jẹ́ kó mu omi tútù, títí yóò fi lọ́kọ tàbí láya.

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ti wà. Èyí ló ń dùn mí jù. Lọ́dún 1846 ni John Hutchinson, oníṣẹ́ abẹ kan ní London, ti gbé sipirómítà jáde: àgbá kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sínú omi, tó ń lọ sókè bí ènìyàn bá ṣe ń fẹ́ èémí sínú rẹ̀. Ó fi wọn èémí ènìyàn tó lé ní 2,000, sójà, atukọ̀ ojú omi, ọlọ́pàá, àwọn tó ń ja ẹ̀ṣẹ́, títí dé àwọn aláìní. Ní ọdún 1947, Robert Tiffeneau àti Pinelli ní ilẹ̀ Faransé fi hàn pé kì í ṣe bí èémí ṣe pọ̀ tó nìkan ló ṣe pàtàkì, bí kò ṣe bí èyí tó jáde ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ ṣe pọ̀ tó. Ọ̀nà èémí tó fún kò lè tètè tú u jáde. Ní ọdún 1959, Martin Wright ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe èyí tí ènìyàn lè fọwọ́ kan gbé, tí a ń pè ní peak flow meter, nígbà tó sì di àwọn ọdún 1970 wọ́n ti sọ ọ́ di ohun kékeré oníke tí kò lo iná, tí kò lo bátìrì. Nígbà tí dókítà wa ń ṣáná ìṣáná, ohun tí ì bá sọ òótọ́ fún wọn kò ju ìwọ̀n ọ̀pá kékeré kan lọ.

Lẹ́yìn náà ni èyí tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo wọn. Ní ọdún 1991, àwọn olùwádìí ní Sweden rí i pé gáàsì kan tó ń jẹ́ nitric oxide wà nínú èémí tí ènìyàn ń mí síta. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé nínú èémí ẹni tó ní ásímà, ó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí pé inú ọ̀nà èémí tó wú ló ń tú u jáde. Àyẹ̀wò rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní FeNO. Èyí kò fẹ́ agbára. Ọmọ yóò rọra fẹ́ ẹ ni, bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà tàbí mẹ́wàá. Ẹ̀rọ yóò fi àwòrán hàn án, ìkùukùu tàbí bàlúù kan, tí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó lọ sókè jù tàbí kó wálẹ̀ jù. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ẹ̀jẹ̀.

Àbúrò mi tó ń ṣọ́ bàtà yẹn ti di bàbá ọlọ́mọ ní Peckham, ní London. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ nígbà òtútù, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni ìlànà tuntun ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: bí ìtàn ọmọ tó ti tó ọdún 5 bá ti jọ ti ásímà, FeNO ni wọn yóò kọ́kọ́ ṣe. Bó bá tó 35 nínú bílíọ̀nù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti fìdí múlẹ̀. Bí kò bá tó, wọn á bọ́ sórí sipirómítà: ọmọ á fẹ́ ẹ, wọn á fún un ní ínhélà salbutamol, á jókòó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, á tún fẹ́ ẹ. Bí èémí ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ yẹn bá fi ìdá 12 nínú 100 lé sí i, a jẹ́ pé ọ̀nà tó ti fún ló ṣí, ásímà nìyẹn. Níbi tí sipirómítà kò bá sí, wọn á fún ọmọ ní peak flow meter lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dọ̀fóró ní Yúróòpù ti fi irú ìlànà bẹ́ẹ̀ síta fún àwọn ọmọ ọdún 5 sí 16 lọ́dún 2021.

Ọmọ náà fẹ́ ẹ. Ìdáhùn jáde kó tó bọ́ sílẹ̀ lórí àga. Ní alẹ́ ọjọ́ náà àbúrò mi pè mí. “Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ìṣẹ́jú díẹ̀ báyìí ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.” Ó dákẹ́. N kò rí nǹkan kan sọ, torí àwa méjèèjì ló ń rántí igi máńgòrò yẹn.

Ṣùgbọ́n ohun tó tún sọ lẹ́yìn náà ni kò jẹ́ kí n sùn. Kí nọ́ọ̀sì tó gbé ẹ̀rọ jáde rárá, ó ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, “Ṣé ó máa ń wúkọ́ lóru? Ṣé ó máa ń jí?” Àbúrò mi kò mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀. Ọmọ náà ní yàrá tirẹ̀ lókè, ó ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀, iṣẹ́ alẹ́ sì ni ìyá rẹ̀ ń ṣe. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló dáhùn, ó ní ó pẹ́ tí òun ti ń jí, òun kàn máa ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì títí yóò fi lọ ni. Ó dá jókòó! Ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Kì í ṣe London nìkan. Ní Èkó, òbí tó ń gbé Ìkòròdù tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island á jáde kí ojúmọ́ tó mọ́, á wọlé nígbà tí ọmọ ti sùn. Ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń sùn ti ọmọ. Ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn mọ̀ pé ọmọ kì í sùn lóru, ó mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló máa ń le, ó mọ ohùn fíì-fíì yẹn dáadáa. Ní ọjọ́ ilé ìwòsàn, òun ni wọ́n ń fi sílẹ̀ pé kó ṣọ́ ilé. Dókítà á béèrè bí òru ṣe rí, òbí á wo ara wọn lójú.

Ẹnì kan lè ní, kí ni a ń pariwo fún, ẹ̀rọ á kúkú sọ ọ́. Ẹ̀rọ kò lè sọ gbogbo rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì tó ọdún 5 kì í sábà lè fẹ́ ẹ bó ṣe yẹ. Kì í lóye, á kàn máa fẹ́ itọ́ sínú páìpù. Nínú àwọn bẹ́ẹ̀, ìtàn tí òbí bá sọ àti bí ara ọmọ bá ṣe gba oògùn ni dókítà máa ń tẹ̀lé, wọn á sì máa pè é padà títí yóò fi dàgbà tó àyẹ̀wò. Ọmọ tó tó ọdún 10 pàápàá, bó bá jẹ́ ọjọ́ tí ara rẹ̀ yá ni wọ́n gbé e dé, ó lè fẹ́ ẹ kí ẹ̀rọ ní kò sí nǹkan kan. Ásímà kò lọ, kò kàn sí níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni. Ìdí nìyí tí ìlànà tuntun wọ̀nyẹn fi kọ́kọ́ béèrè ìtàn kí wọ́n tó béèrè èémí.

Ohun kan sì wà nínú ìtàn ẹ̀rọ yìí tí n kò lè fò. Kò pẹ́ tí Hutchinson gbé sipirómítà jáde tó fi dé ọ̀dọ̀ Samuel Cartwright, dókítà kan ní gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹni tó fi ìmọ̀ ìṣègùn gbe oko ẹrú lẹ́yìn. Ó wọn èémí àwọn ẹrú, ó sì kéde pé ti ènìyàn dúdú kéré sí ti funfun ní nǹkan bí ìdá 20 nínú 100. Kò wo ohun tí wọ́n ń jẹ, kò wo iṣẹ́ tí wọ́n ń kó wọn ṣe láti kékeré, kò wo ibi tí wọ́n ń sùn. Èrò yẹn kò bá a kú. Ó wọ inú ìṣirò ẹ̀rọ lọ. Títí di àìpẹ́ yìí, bí wọ́n bá fẹ́ yẹ ènìyàn dúdú wò ní Amẹ́ríkà, wọn á tẹ ẹ̀yà rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì dín iye tó ń retí lọ́dọ̀ rẹ̀ kù. Bí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ wa bá ti ń dínkù, ẹ̀rọ lè ní ara rẹ̀ dá, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí tirẹ̀ rí. Ọdún 2023 ni American Thoracic Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dọ̀fóró ní Amẹ́ríkà, tó ní kí wọ́n pa ìyẹn tì, kí ìṣirò kan náà máa wà fún gbogbo ènìyàn. Àwọn òbí tó wà lókè òkun ní ẹ̀tọ́ láti béèrè èwo ni ilé ìwòsàn wọn ń lò.

Ìyá àgbà kò fi àbúrò mi wé ọmọ ẹlòmíràn rí. Bó ṣe mí lánàá ni wọ́n fi ń wé bó ṣe ń mí lónìí. Nínú gbogbo àyẹ̀wò òde òní, peak flow ló sún mọ́ tiwọn jù, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ á dìde dúró, á dá ọfà kékeré tó wà lára ẹ̀rọ náà padà sí òdo, á mí sínú, á fẹ́ ẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, wọn á kọ èyí tó ga jù sílẹ̀. Òwúrọ̀ àti alẹ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ti òwúrọ̀ àti ti alẹ́ bá ń jìnnà síra wọn ṣáá, tí ìyàtọ̀ náà tó ìdá 20 nínú 100, lílọ bíbọ̀ yẹn ló ti wà lórí ìwé. Ọmọ ni wọ́n fi ń wé ara rẹ̀.

Nílé wa ńkọ́? Nígbà tí ìwádìí àgbáyé ISAAC lórí ásímà ọmọdé ń lọ ní àwọn ọdún 1990, Ìbàdàn wà lára àwọn ìlú tí wọ́n ti ṣe é, àmọ́ ìbéèrè ni ìpìlẹ̀ rẹ̀: ṣé àyà rẹ ti dún rí láàárín oṣù 12 sẹ́yìn? Ìwádìí ACACIA tó dé láìpẹ́ yìí lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀. Wọ́n wọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Áfíríkà, Èkó wà nínú rẹ̀, wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 27,000, ọmọ ọdún 12 sí 14, àwọn tí wọ́n rí àmì lára wọn sì fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ. Nǹkan bí 12 nínú 100 ló ní àmì ásímà. Nínú àwọn wọ̀nyẹn, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún péré ni dókítà ti sọ fún rí pé ásímà ni. Ọmọ mẹ́rin yòókù ń mí bí àbúrò mi ṣe ń mí ní 1978, nínú ìlú tí fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn.

Sipirómítà wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà. Bó bá ti kọjá ibẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n, FeNO sì ṣọ̀wọ́n jù ú lọ. Oògùn náà tún ń jìnnà sí wa: ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni ilé iṣẹ́ GlaxoSmithKline kéde pé òun ń fi Nàìjíríà sílẹ̀, owó Ventolin, ínhélà salbutamol tó ń ṣe, sì fò sókè débi tí àwọn kan fi padà sí Róòbù àti àgbo. Bí mo bá ń ronú lórí èyí, inú mi máa ń bàjẹ́ gan-an. A ti mọ ohun tó yẹ ká mọ̀, a sì tún ń padà síbi tí a ti kúrò.

Síbẹ̀, ohun tí ilé ìwòsàn kékeré nílò kò pọ̀. GINA, àjọ tó ń ṣe ìlànà ásímà fún gbogbo àgbáyé, gbà pé níbi tí sipirómítà kò bá sí, peak flow lè ṣe é: ọmọ á fẹ́ ẹ, á gba salbutamol, á dúró ní ìṣẹ́jú 15, á tún fẹ́ ẹ, bó bá fi ìdá 15 nínú 100 lé sí i, ó ti hàn. Ike tí ọmọ fi ń fa oògùn ínhélà yẹn náà kò ní láti jẹ́ olówó ńlá. Ní South Africa, Heather Zar àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn lọ́dún 1999 pé bí a bá lu ihò sí ìdí ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó gba 500 mílílítà, tí a fi ínhélà há ihò náà, tí ọmọ ń mí lẹ́nu ike, oògùn dé àyà dáadáa. Irú ike bẹ́ẹ̀ kún gọ́tà wa.

Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, peak flow meter kan àti ẹni tí a kọ́ bí a ṣe ń lò ó ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kọ̀ọ̀kan. Kò lo iná mànàmáná. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń wúkọ́ lóru, tàbí tí àyà rẹ̀ ń dún bó bá sáré, ẹ sùn tì í fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ kọ aago tó jí sílẹ̀, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ fi fóònù gba ohùn àyà rẹ̀. Ẹni tó bá ń sùn nínú yàrá pẹ̀lú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀, ẹ mú un dání lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ jẹ́ kó sọ tirẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ ọmọ bá ti ń wọlé tàbí tí kò lè sọ̀rọ̀ parí, ẹ má dúró kọ nǹkan kan, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sì le tó bẹ́ẹ̀, tí ọmọ ti pé ọdún 5, ẹ béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kó fẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá ní kò sí ẹ̀rọ, ẹ béèrè ibi tó wà, kí ẹ sì gbé e lọ síbẹ̀.